Bí a ṣe lè fi macro ṣàmì sí sẹ́ẹ̀lì tí a yàn ní Excel láìba àwọ̀ tó ti wà níbẹ̀ jẹ́

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fáìlì Excel kan wà lọ́wọ́ mi tí òpó rẹ̀ pọ̀ gan-an, ojú sì máa ń tètè sọ sẹ́ẹ̀lì tí èèyàn wà nù. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí sẹ́ẹ̀lì tí mo bá tẹ̀ di yẹ́lò, kí ó sì padà sí bó ṣe wà tí mo bá ti kúrò níbẹ̀. Kóòdù tí mo rí rèé:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    Cells.Interior.ColorIndex = xlNone
    Target.Interior.Color = vbYellow
End Sub
```

Yẹ́lò ń tẹ̀ lé mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà lórí àkọlé àti àwọn ìlà àròpọ̀ ti lọ pátápátá. Ctrl+Z kò dá a padà. Kí ni mo lè ṣe?

Onífọ́múlà

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Cells` ló fa gbogbo rẹ̀. Bí `Cells` bá dá dúró báyẹn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ìwé náà ló ń bá wí, láti ìlà 1 títí dé ìlà 1,048,576. Ó kọ́kọ́ bọ́ àwọ̀ lára gbogbo wọn kó tó kun ẹyọ kan ṣoṣo. Ní ti Ctrl+Z, macro (ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ bíi kóòdù fún Excel) tó bá ti yí nǹkan padà nínú fáìlì máa ń nu àkọsílẹ̀ Undo kúrò. Tí ẹ kò bá tíì fi fáìlì náà pamọ́ láti ìgbà yẹn, ẹ tì í láìfi pamọ́, kí ẹ tún un ṣí; àwọ̀ yín á padà wá.

Ẹ má jẹ́ kí kóòdù fọwọ́ kan àwọ̀ sẹ́ẹ̀lì rárá. Ẹ jẹ́ kí Conditional Formatting (òfin tó ń yí ìrísí sẹ́ẹ̀lì padà bí ipò kan bá jẹ́ òótọ́) ṣe iṣẹ́ náà, torí òun kì í pa àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. Ńṣe ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ipò tí ẹ fún un bá jẹ́ òótọ́. Bí ipò náà bá ti yẹ̀, àwọ̀ àtijọ́ á tún hàn, torí kò fìgbà kan kúrò níbẹ̀.

Ẹ yan ibi tí ẹ ń lò, ká ní A1 dé M500, kí ẹ rí i pé A1 lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàn án. Ẹ lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, kí ẹ mú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Use a formula to determine which cells to format. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

```
=AND(ROW()=CELL("row"),COLUMN()=CELL("col"))
```

Ẹ tẹ Format, ẹ lọ sí Fill, ẹ mú àwọ̀ tó wù yín, ẹ tẹ OK lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ ojú ìwé náà nísàlẹ̀, ẹ mú View Code, ẹ pa kóòdù àtijọ́ rẹ́, kí ẹ fi èyí sípò rẹ̀:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    If Application.CutCopyMode <> False Then Exit Sub
    If Target.CountLarge > 1000 Then Exit Sub
    Target.Calculate
End Sub
```

`CELL("row")` tí a kò fún ní sẹ́ẹ̀lì kankan máa ń mú nọ́ńbà ìlà sẹ́ẹ̀lì tí a wà lórí rẹ̀ *ní àkókò tí Excel ṣe ìṣirò*. Rírìn láti sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn kì í mú Excel ṣe ìṣirò. Nítorí náà, láìsí `Target.Calculate`, àmì náà á jókòó sójú kan títí ẹ ó fi tẹ F9 tàbí tí ẹ ó fi kọ nǹkan sínú sẹ́ẹ̀lì kan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kóòdù ń ṣe níbí nìyẹn.

Ẹ fi fáìlì pamọ́ gẹ́gẹ́ bí .xlsm. Tí ẹ bá fi í sí .xlsx, Excel á kìlọ̀ fún yín, bí ẹ bá sì gbà, á ju kóòdù nù.

Akọ̀wé_Kóòdù

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ìlà CutCopyMode yẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yọ ọ́ kúrò pé kò wúlò. Ẹ dán an wò láìsí i: ẹ tẹ Ctrl+C lórí sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ lọ síbi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ti ń débẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sáré yí sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ká á pòórá, kò sì ní sí ohun tí ẹ máa lẹ̀ mọ́. Ìṣirò tí kóòdù pa láṣẹ ló pa ẹ̀dà náà. Tí ìlà yẹn bá wà, àmì á dúró sí sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti tẹ Esc tí ẹ sì gbẹ́sẹ̀, á tún máa tẹ̀ lé yín.

Ìlà kejì náà ní ìdí tirẹ̀. `CountLarge` ni kí ẹ lò, kì í ṣe `Count`. Bí ẹnì kan bá tẹ Ctrl+A, tàbí igun òkè lápá òsì tó ń yan gbogbo ojú ìwé, iye sẹ́ẹ̀lì jẹ́ 17,179,869,184. `Count` kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ, nítorí náà á kígbe "Run-time error '6': Overflow". Tí ẹni náà bá sì tẹ End nínú àpótí àṣìṣe yẹn, gbogbo iye tí VBA (èdè tí a fi ń kọ macro Excel) ń gbé lọ́wọ́ á dànù.

Ohun kékeré mìíràn: bí Excel bá kọ̀ fọ́múlà inú òfin yẹn fún yín, ẹ wo bí kọ̀ǹpútà yín ṣe ń pín nǹkan nínú fọ́múlà. Níbi tí kọ́mà bá ti jẹ́ àmì ìdá mẹ́wàá, `;` ni ẹ máa fi sípò `,`. Kóòdù VBA kò ní ìṣòro yìí.

Ọmọ_Àtẹ

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a kò kàn tọ́jú àwọ̀ àtijọ́ sínú kóòdù, kí a sì dá a padà nígbà tí a bá kúrò? Bíi báyìí:

```
Private dati As Range
Private awoDati As Long

Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    If Not dati Is Nothing Then dati.Interior.Color = awoDati
    Set dati = ActiveCell
    awoDati = dati.Interior.Color
    dati.Interior.Color = vbYellow
End Sub
```

Kò nílò òfin kankan, kóòdù nìkan ló tó.

Akọ̀wé_Kóòdù

Ọ̀nà yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń ba fáìlì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí èèyàn fura. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àwọ̀ kankan dán an wò. Ẹ tẹ Ctrl+G nínú VBA kí Immediate Window ṣí, kí ẹ kọ `?ActiveCell.Interior.Color`. Yóò dá yín lóhùn 16777215, èyí tí í ṣe funfun. Nítorí náà, nígbà tí kóòdù yín bá ń "dá àwọ̀ padà", funfun ló ń kùn sórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà sẹ́ẹ̀lì ń parẹ́ níbi gbogbo tí ẹ ti gbà kọjá, bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun nu ojú ìwé. Láti yẹra fún un, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ `Interior.ColorIndex` wò: bí ó bá jẹ́ `xlNone`, ìyẹn -4142, `xlNone` náà ni kí ẹ dá padà.

Kò sì tíì tán. Bí àwọ̀ bá wá láti inú Theme (àkójọ àwọ̀ tí gbogbo fáìlì ń lò), `Interior.Color` á sọ ọ́ di nọ́ńbà lásán. Lọ́la tí ẹ bá yí Theme fáìlì padà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kóòdù ti fọwọ́ kàn kò ní tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọ̀ oníṣísẹ̀ntẹ̀lé, tó ń ti orí àwọ̀ kan ṣí sí òmíràn, á lọ láú. Bí ẹ bá lo `Target` dípò `ActiveCell`, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ẹ yàn kò ní àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè rántí àwọ̀ gbogbo wọn.

Èyí tó burú jù ni fífi fáìlì pamọ́. Yẹ́lò tó wà lórí sẹ́ẹ̀lì lákòókò tí ẹ tẹ Ctrl+S á wọ inú fáìlì. Bí ẹ bá tì í tí ẹ tún un ṣí, `dati` ti di òfìfo, kóòdù ò rántí pé òun ló kun sẹ́ẹ̀lì yẹn. Yẹ́lò náà ti di àwọ̀ gidi nìyẹn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí kóòdù mìíràn bá kọsẹ̀ tí ẹ tẹ End. Ẹ lè fi `Workbook_BeforeSave` wá ojútùú sí ti ìfipamọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè gba yín lọ́wọ́ End.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀nà ti Conditional Formatting ṣiṣẹ́, àwọ̀ àkọlé kò sì yí padà mọ́. Ìbéèrè méjì ló kù: òfin kan ti wà tẹ́lẹ̀ tó ń sọ iye tó bá kéré sí òdo di pupa; nígbà tí mo bá débẹ̀, yẹ́lò bo pupa náà. Èkejì, bí mo bá fa máòsì kọjá sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́wàá, ẹyọ kan péré ló ń di yẹ́lò.

Onífọ́múlà

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ẹ lọ sí Conditional Formatting, Manage Rules, kí ẹ mú This Worksheet lókè. Òfin tó bá wà lókè ló ń borí bí méjèèjì bá ń jà du ohun kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí pupa máa hàn, ẹ fi ọfà ìsàlẹ̀ gbé òfin tiwa sọ̀kalẹ̀. Ẹ tún rí i pé Stop If True kò ní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tó wà lókè.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fọwọ́ sí jù ni kí òfin méjèèjì má du ohun kan náà. Bí tiyín bá ń yí Fill padà, ẹ jẹ́ kí tiwa yí Border àti Bold padà, kí ẹ fi Fill rẹ̀ sílẹ̀. Excel á lo méjèèjì pọ̀: sẹ́ẹ̀lì á pupa, á sì ní ìlà yíká. Ìlà etí tí Conditional Formatting ń fúnni kì í nípọn, ẹ má wulẹ̀ wá èyí tó nípọn nínú àpótí yẹn. Ìwọ̀n lẹ́tà náà kò ṣeé yí padà níbẹ̀.

Akọ̀wé_Kóòdù

Ti èkejì: `CELL` mọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, èyí tí funfun rẹ̀ ṣì mọ́ láàárín àwọn tí ẹ yàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbogbo ibi tí ẹ yàn, ẹ jẹ́ kí kóòdù kọ ààlà rẹ̀ sínú orúkọ mẹ́rin:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    If Application.CutCopyMode <> False Then Exit Sub
    With Target.Areas(1)
        ThisWorkbook.Names.Add "ilaIbere", "=" & .Row
        ThisWorkbook.Names.Add "ilaOpin", "=" & .Row + .Rows.Count - 1
        ThisWorkbook.Names.Add "opoIbere", "=" & .Column
        ThisWorkbook.Names.Add "opoOpin", "=" & .Column + .Columns.Count - 1
    End With
End Sub
```

Ẹ kọ́kọ́ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan kí àwọn orúkọ náà lè wà, kí ẹ tó kọ òfin:

```
=AND(ROW()>=ilaIbere,ROW()<=ilaOpin,COLUMN()>=opoIbere,COLUMN()<=opoOpin)
```

Ẹ ṣọ́ orúkọ tí ẹ máa fún wọn. Excel kò gba R tàbí C, kò sì gba ohunkóhun tó bá jọ àdírẹ́sì sẹ́ẹ̀lì. HL1 tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn láti lò jẹ́ sẹ́ẹ̀lì gidi, torí òpó lọ títí dé XFD. Ẹ má sì gbé àmì ohùn sórí orúkọ wọ̀nyí: ojúlé kóòdù VBA kì í mọ gbogbo lẹ́tà wa, àmì ìbéèrè ló sábà máa ń fi rọ́pò wọn.

Ọ̀nà yìí ní owó tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ó ń yí fáìlì padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, nítorí náà Undo yín á máa ṣófo, Excel á sì máa bi yín bóyá kí òun fi pamọ́ kódà bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ń tẹ nǹkan sínú ìwé lójoojúmọ́, kí ó dúró sórí ti `CELL`. Èyí dára fún ìwé tí a ń kà tàbí tí a ń fi han àwọn èèyàn.

Ọmọ_Àtẹ

Ó yé mi wàyí. Bí èèyàn bá fẹ́ odindi ìlà àti òpó ńkọ́, kí ó dà bí àgbélébùú?

Onífọ́múlà

Ẹ sọ AND di OR nínú fọ́múlà àkọ́kọ́. Ìlà nìkan: `=ROW()=CELL("row")`. Ẹ mú àwọ̀ tó fúyẹ́, torí àwọ̀ kíkún lórí odindi ìlà máa ń mú kí lẹ́tà ṣòro kà. Bí ẹ bá ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi Merge so pọ̀ lórí ìlà mẹ́ta, ìlà òkè nìkan ló máa gba àwọ̀, torí ibẹ̀ ni Excel kà sí sẹ́ẹ̀lì náà.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní gbogbo ojú ìwé inú fáìlì, ẹ má lẹ kóòdù mọ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e sínú ThisWorkbook, kí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ `Private Sub Workbook_SheetSelectionChange(ByVal Sh As Object, ByVal Target As Range)`. Òfin nìkan lẹ máa ṣe lójú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Atúnṣe

Fún àwọn tó máa sọ pé "mo ṣe gbogbo rẹ̀, kò ṣiṣẹ́": níbi tí kóòdù wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá fi Insert, Module ṣí ibi tuntun tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ láéláé, Excel kò sì ní sọ ohunkóhun. Inú ojú ìwé gan-an ló gbọ́dọ̀ wà, tàbí ThisWorkbook bí wọ́n ṣe wí lókè.

Bó bá wà níbi tó yẹ, ẹ ṣí Immediate Window, ẹ kọ `Application.EnableEvents = True`, ẹ tẹ Enter. EnableEvents ló ń jẹ́ kí Excel pe irú kóòdù yìí; macro mìíràn lè ti pa á kó sì kọsẹ̀ kó tó tún un tan. Gbogbo fáìlì tó ṣí nínú Excel náà ló ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Bí fáìlì bá wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ímeèlì, Excel lè ti macro rẹ̀ pa pẹ̀lú ìlà pupa lókè tí kò ní bọ́tìnì Enable. Ẹ tì í, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà nínú fóldà, Properties, kí ẹ mú Unblock nísàlẹ̀. Fáìlì tí ẹ mọ ẹni tó ṣe é nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ padà sí Manage Rules kí ẹ wò ó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá òfin kan náà níbẹ̀ ní ogún ọ̀nà, tí Applies to wọn sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ctrl+C àti Ctrl+V ló fà á, torí sẹ́ẹ̀lì ń gbé òfin rẹ̀ lọ síbi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ pa àwọn àwítúnwí náà rẹ́, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, kí ẹ sì tún Applies to rẹ̀ kọ sí `=$A$1:$M$500`. Láti ìgbà náà lọ, Ctrl+Alt+V, lẹ́yìn náà V, Enter, ni kí ẹ máa fi lẹ iye nìkan.

Ẹ tún rántí pé àwọ̀ Conditional Formatting máa ń jáde lórí bébà bí ẹ bá tẹ ìwé jáde. Ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì kan tó wà lẹ́yìn ibi tí òfin dé, bíi P501, kó tó di pé ẹ tẹ Ctrl+P.

Aláwòrán

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: àpótí onílà tó ń léfòó lórí sẹ́ẹ̀lì. Kò kan àwọ̀, kò kan òfin. Insert, Shapes, Rectangle; ẹ fún un ní No Fill, ìlà tó tó 2.25 pt. Ẹ tẹ àpótí náà, ẹ kọ `ami` sínú Name Box lápá òsì òkè, ẹ tẹ Enter. Kóòdù:

```
Private Sub Worksheet_SelectionChange(ByVal Target As Range)
    If Application.CutCopyMode <> False Then Exit Sub
    With ActiveCell.MergeArea
        Me.Shapes("ami").Left = .Left
        Me.Shapes("ami").Top = .Top
        Me.Shapes("ami").Width = .Width
        Me.Shapes("ami").Height = .Height
    End With
End Sub
```

No Fill yẹn ṣe pàtàkì. Bí àpótí bá ní àwọ̀ nínú, kódà èyí tó hàn gbangba sódì kejì, òun ni máòsì máa mú dípò sẹ́ẹ̀lì, ẹ kò sì ní lè tẹ sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Format Shape, Size & Properties, Properties, ẹ yọ àmì kúrò lára Print object, kò ní jáde lórí bébà. Undo kò sí níbí náà, àmọ́ ìlà rẹ̀ lè nípọn bó ṣe wù yín, ohun tí Conditional Formatting kò lè fún yín.

Ọmọ_Àtẹ

Kò ha sí èyí tí kò nílò macro? Ilé iṣẹ́ mìíràn kì í gba macro láàyè rárá.

Onífọ́múlà

Ó wà. Ẹni tó bá ní Microsoft 365 tuntun lórí Windows, kí ó wo View, Focus Cell. Ìlà àti òpó sẹ́ẹ̀lì ló ń fi àwọ̀ sí, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú fáìlì. Bí ẹ bá ní i, kò sí ìdí tí ẹ fi ń kọ kóòdù, àyàfi bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ fẹ́ tàbí tí àwọn tí ẹ ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí bá ń lo Excel àtijọ́. LibreOffice Calc náà ní irú rẹ̀ nínú View, Column/Row Highlighting, láti 24.2. Ẹ má gbé fọ́múlà `CELL("row")` wa lọ sí LibreOffice o. Lọ́dọ̀ tiwọn, `CELL` tí kò ní sẹ́ẹ̀lì lára ń tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì tí fọ́múlà fúnra rẹ̀ wà, nítorí náà gbogbo ibẹ̀ ló máa di yẹ́lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Google Sheets ní `onSelectionChange(e)` nínú Apps Script. Ẹ lè jẹ́ kó kọ `e.range.getRow()` àti `e.range.getColumn()` sínú sẹ́ẹ̀lì méjì tó fara sin, kí òfin wo wọ́n. Ẹ tún ojú ìwé ṣí lẹ́yìn tí ẹ bá kọ kóòdù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó máa ń lọ́ra, bí ẹni méjì bá sì wà nínú fáìlì kan náà, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n á jọ máa fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Olùbéèrè

Ojú ìwé mi ní Protect Sheet lórí. Ṣé èyí lè dí i lọ́wọ́?

Akọ̀wé_Kóòdù

Ti `CELL` pẹ̀lú `Target.Calculate` kò ní ìṣòro, torí ìṣirò lásán ni, Protect Sheet kì í dí ìṣirò lọ́wọ́. Ẹ ṣe òfin náà kí ẹ tó ti ojú ìwé pa. Kóòdù tó ń kun `Interior` ló máa kọsẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe 1004. Àpótí Aláwòrán náà kò ní lè rìn bí ojú ìwé bá wà ní títì, àyàfi bí ẹ bá mú Edit objects nígbà tí ẹ ń tì í, tàbí kí ẹ fi kóòdù tì í nínú `Workbook_Open` pẹ̀lú `UserInterfaceOnly:=True`. Excel kì í rántí `UserInterfaceOnly` lẹ́yìn tí fáìlì bá ti padé, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ wà nínú `Workbook_Open`, kí ó máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i.